Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí fáìlì tí wọ́n ní ó ń sùn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, o kà á, o ò fèsì. Kò burú. Lẹ́tà rèé, kò sí bí o ṣe fẹ́ gé e mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan ló dé etí mi níbi ìnáwó. Wọ́n ní fáìlì ẹjọ́ ìpànìyàn kan wà lọ́wọ́ rẹ ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, wọ́n ní ọmọ ẹni ńlá kan wà nínú ẹ̀, wọ́n ní fáìlì náà ń sùn. Ẹni tó ń sọ ọ́ tún ní orúkọ rẹ wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ gómìnà fún ipò Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, ìyẹn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín nítorí àwùjọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Mi ò sọ pé òótọ́ ni. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ ohun tí o lè ṣe àti ohun tí o ò lè ṣe láéláé. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé fáìlì lè sùn lọ́wọ́ ọmọlúàbí. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀. Kí ọ̀gá kan ṣáà sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná", kí o gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kí iṣẹ́ mìíràn já lé ọ lórí, ó parí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Bàbá rẹ wà dáadáa, orúnkún ló kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ti jóná, Káyọ̀dé ní òun á tún un ṣe. Ẹ̀yin ọmọ yìí àti "màá ṣe é"!

Jẹ́ ká padà sórí fáìlì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti fún ọmọ ẹni ńlá ní béèlì nítorí àìlera, àwọn mẹ́ta yòókù ṣì wà ní àhámọ́. Ṣé o rí i báyìí pé fáìlì kì í sùn fún gbogbo ènìyàn bákan náà? Ẹni tó wà nílé rẹ̀ ń gbàdúrà kí fáìlì náà má jí. Àwọn tó kù, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó wọn wá sí kóòtù Májísíréètì, ìbéèrè kan náà ni adájọ́ ń bi ọlọ́pàá: "Ìmọ̀ràn DPP dà?", ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn ní ilé iṣẹ́ yín, tó ń sọ bóyá ẹjọ́ wà ńbẹ̀. Kò tíì dé. Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n á kó wọn padà. Adájọ́ Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, kò sì lè dá wọn sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìwọ ló ń dúró dè. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ọlọ́pàá gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ọjọ́ kan ni òfin kà fún ọlọ́pàá. Ta ló wá ní kí àwa máa ka oṣù?

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tí fáìlì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ kó fi sọ bóyá ẹjọ́ wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe tiwọn, iye ọjọ́ sì yàtọ̀. Lọ ka ti ìpínlẹ̀ wa, kí o kọ iye ọjọ́ náà sí iwájú fáìlì gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tó wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i máa rí i.

Mo mọ̀ pé wàá ní "Màámi, mo mọ iṣẹ́ mi." O mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tuntun, torí pé tí ẹ̀rù ipò bá wọ ọkàn, àwọn ohun kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ fò lọ.

Ní ọjọ́ tí fáìlì bá dé, ka ojú ewé rẹ̀, kí o fi nọ́ńbà sí igun ewé kọ̀ọ̀kan. Iye fọ́líò, ìyẹn ewé tó ní nọ́ńbà, tí o gbà ni kí o kọ sínú ìwé mínìítì, ewé tí ẹ ń kọ àkíyèsí àti àṣẹ sí nínú fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbé e wá. Bí ewé kan bá sọnù lọ́la, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ ló ti sọnù.

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìròyìn ìwádìí ọlọ́pàá. Ó kúrú, ó sì dùn ún kà, ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń sáré lọ síbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n èrò ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mú bébà kan, fa ìlà sí i, kí o kọ orúkọ afurasí kọ̀ọ̀kan sókè. Bí o bá ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ohun tí ojú rẹ̀ rí pé ẹni yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kí o kọ sábẹ́ orúkọ náà. "Wọ́n kó ara wọn wá" kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣe. Tí o bá parí, tí abẹ́ orúkọ kan ṣófo, o ti rí ẹni tí kò yẹ kó sùn ní àhámọ́ ní alẹ́ yẹn.

Ohun mẹ́ta lo máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ìpànìyàn: pé ẹni náà kú, pé ohun tí afurasí ṣe ló pa á, pé afurasí ní in lọ́kàn láti pa á, tàbí láti ṣe é léṣe gidi nígbà tó mọ̀ pé ikú lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ẹ̀kẹta kò bá sí, ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ ni kí o rò. Má fi ẹ̀sùn ńlá kọ́ ẹni tí ẹ̀rí kékeré wà lórí rẹ̀ kí ará ìlú lè pàtẹ́wọ́. Adájọ́ á dá a sílẹ̀, ìyá ẹni tó kú á sì rò pé o gbàbọ̀dè.

Òfin ìwà ọ̀daràn ní, ní abala 8, pé àwọn tó bá fi ohùn ṣọ̀kan láti ṣe ibi á jọ jẹ̀bi ohun tó bá ti inú ibi náà jáde. Ọlọ́pàá fẹ́ràn abala yẹn. Wọ́n á fi kó gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò. Ṣùgbọ́n wíwà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó gún ọ̀bẹ kò tó. Ó yẹ kí nǹkan kan wà nínú fáìlì tó fi hàn pé wọ́n jọ gbìmọ̀ ni, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ìbáà ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ìwé dókítà ńkọ́? Bí ẹni náà bá kú lójú ẹsẹ̀, ní ojú àwọn tó rí i bí wọ́n ṣe ṣá a, ẹjọ́ lè dúró láìsí i. Bí ó bá lo ọjọ́ ní ilé ìwòsàn kó tó kú, má gbìyànjú ẹ̀. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á béèrè ohun tó pa á láàárín ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ọjọ́ tó kú, ìwọ á sì máa wo adájọ́ lójú.

Wá wo ọ̀rọ̀ tí afurasí fúnra rẹ̀ sọ. Bí ó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí orúkọ onítọ̀hún sì wà lára ẹlẹ́rìí. Ẹ̀dà méjèèjì ló ń wọlé ní kóòtù. Mo ti rí fáìlì tí ọmọ tí kò kàwé ti "jẹ́wọ́" ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, tó kún fún irú ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá nìkan ń lò. Bí o bá rí irú ẹ̀, má yọ̀ pé o ti ní ìjẹ́wọ́. Òfin ìpínlẹ̀ Lagos ti ọdún 2011 tilẹ̀ sọ ọ́ ní abala 9(3) pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n gba fídíò rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n á fi gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú agbẹjọ́rò tí afurasí fẹ́. Bí òfin tiwa bá ní irú abala yẹn, tí fídíò kò sí nínú fáìlì, tètè kọ̀wé béèrè. Fídíò tó bá wà, àti àwòrán orí fóònù, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè fún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tó dára ló ti ṣègbé nítorí bébà ojú kan yẹn.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun kò sí ńbẹ̀, tó sọ ibi tó wà àti ẹni tó rí i, ṣé ọlọ́pàá lọ wádìí? Bí wọn kò bá lọ, ihò wà nínú ẹjọ́ rẹ, o ò sì lè fi àlàyé dí i ní kóòtù. Dá fáìlì padà fún ìwádìí yẹn nìkan, kí o fún wọn ní ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí ohun kan bá kù nínú fáìlì, àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ń dúró lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní "a ń retí ìwé dókítà", gbogbo ènìyàn inú fáìlì á sì jọ máa retí ìwé dókítà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn lè kọ́kọ́ jáde fún àwọn tí kò sí ẹjọ́ lórí wọn, kí ti ẹni tó kù dúró. Kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, kí ẹ̀dà kan lọ sí kóòtù Májísíréètì tó fi wọ́n sí àhámọ́, kí o dárúkọ àwọn tí wọn yóò tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Má kọ "àwọn yòókù". Wọ́n lè fi ẹnì kan sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Kí o wá rán ẹnì kan lọ rí i pé lẹ́tà náà dé kóòtù, torí pé lẹ́tà náà máa ń sùn lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé àwọn mẹ́ta yẹn ní ẹjọ́ lọ́rùn? Bí wọ́n bá ní, gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga kí adájọ́ gbọ́ ọ. Bí wọn kò bá ní, kí ni wọ́n ń ṣe ńbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìmọ̀ràn tó ń jáde. Ìwọ á kọ èrò rẹ, á gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ kọjá, á dé ọ̀dọ̀ DPP. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná" ti ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu, má bá a jà, má sì fi ojú burúkú wò ó. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Padà sí ọ́fíìsì rẹ, kí o kọ sínú ìwé mínìítì: "Èrò mi wà ní fọ́líò báyìí-báyìí. Mo gba ìtọ́ni lẹ́nu lónìí pé kí n dá a dúró. Mo ń dá fáìlì padà fún àṣẹ." Fi ọjọ́ àti aago sí i, kí o gbé e sókè padà. Kì í ṣe àrífín, ọ̀nà tí iṣẹ́ ọba ń gbà rìn ni. Mínìítì kan báyìí ti tó láti jí fáìlì, torí ẹni tó fẹ́ kó sùn kì í fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Abala 211 ìwé òfin fún agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ní agbára láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn pè, àti láti dá ẹjọ́ dúró nígbàkigbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é tàbí kó ti ọwọ́ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe é. Ní 1983, nínú ẹjọ́ Ìjọba àti Ilori, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kóòtù kò lè béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá dá ẹjọ́ dúró. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn án sípò àti ẹnu ará ìlú ni yóò ti jẹ́jọ́ rẹ̀. Ìwé òfin ṣáà sọ fún un pé kó ro ire ará ìlú, kó ro òdodo, kó má sì jẹ́ kí wọ́n ṣi ètò òfin lò. Agbára ńlá ni. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí pé orúkọ wà lórí rẹ̀: ìwé ńbẹ, ìbuwọ́lù ńbẹ, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba kóòtù. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ kí ẹjọ́ ọmọ ẹni ńlá yẹn kú, òfin ti fún un ní ọ̀nà, kó tọ̀ ọ́. Fáìlì tó ń sùn ni ẹjọ́ tí wọ́n dá dúró tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Tó bá sì di ọ̀ràn, dúrọ́ọ̀ ta ni wọ́n máa ṣí?

Mi ò kọ ọ́ kí inú rẹ lè bàjẹ́. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ṣì ń sùn ní aago méjì òru? O ti máa ń rù tí iṣẹ́ bá le láti ìgbà tó o ti wà ní Law School.

Kí n má parọ́ fún ọ, ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo ní kí o fi ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aládàáni sílẹ̀ wá síbi iṣẹ́ ọba, pé owó ìfẹ̀yìntì dájú. Èmi náà ni mo ń yin àwọn tí "kì í bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀" létí rẹ láti kékeré. O gbọ́ ọ, o sì kọ́ ọ. Mo ń rò ó báyìí pé ó yẹ kí n ti yin àwọn tí ń kọ mínìítì.

Ní ti ipò Kọmíṣọ́nnà, mi ò ní ṣe bí ẹni pé inú mi kò dùn díẹ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀? Abala 195 ìwé òfin ní kí ẹni tó máa wà níbẹ̀ ti pé ọdún 10 tó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà, ìwọ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Gómìnà á dárúkọ rẹ, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin á yẹ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí gómìnà bá fún ni, gómìnà lè gbà á ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí o tó gbà, lọ bá àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ọba, kí wọ́n fi ìwé dá ọ lóhùn: ṣé wọ́n á yá ọ lọ ni àbí o máa kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọdún tí o ti lò? Ta ló máa máa san ìdá agbanisíṣẹ́ sínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ? Má gba ìdáhùn orí fóònù. Àti pé ọ̀nà mìíràn wà tí ń lọ sókè nínú iṣẹ́ ọba fúnra rẹ̀, ìyẹn ipò Solicitor-General. Òun ló sábà máa ń jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ náà, Kọmíṣọ́nnà á sì wá, á lọ, á bá a ńbẹ̀.

Iṣẹ́ rere ńbẹ nínú ipò náà bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá fẹ́ ṣe é. Yẹmi Ọ̀ṣínbàjò ló wà níbẹ̀ l'Ékòó láti 1999 sí 2007, ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n dá ọ́fíìsì tí ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò rò sílẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dì mú, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní December 2004 pé Ààrẹ kò lágbára láti dì í mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló jókòó pọ̀ láti kọ àbá òfin Àmọ̀tẹ́kùn kí ilé ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan tó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ìyẹn ni àwọn ọjọ́ tí orúkọ ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ yòókù, àdéhùn iṣẹ́ tí kọngilá ti fọwọ́ sí kí wọ́n tó fi hàn ọ́ ni, àti ìwé ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan gbà tí kò gbé wá títí ọjọ́ fi lọ. Ẹ ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ àṣekágbá tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọjọ́ 14 fún èyí tí kì í ṣe àṣekágbá. Ìjọba ń pàdánù owó gọbọi nítorí àwọn ọjọ́ yìí ju bó ṣe ń pàdánù nítorí òfin lọ.

Ọjọ́ kan á wá tí gómìnà á fẹ́ kí wọ́n wó ilé kan tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Mú ẹjọ́ Gómìnà Ológun Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ójúkwu, ti 1986, lọ́wọ́. Ìjọba fi tipátipá lé e jáde nínú ilé nígbà tí ọ̀rọ̀ wà níwájú ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìjọba. Ológun ló wà lórí àlééfà nígbà yẹn o. Bí adájọ́ bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ológun, ìwọ lè sọ ọ́ fún ẹni tí a dìbò yàn. Bí o bá rò pé o ò ní lè sọ ọ́, má gba ipò náà. Mo ń bẹ̀ ọ́. Ẹni tí kò lè kọ mínìítì lórí fáìlì kan, kí ló fẹ́ sọ ní iwájú ìgbìmọ̀ gómìnà?

Àwọn ohun kékeré tó kù: òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ ọba ṣe òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní kí o bá òun kọ, dá a padà. Kìí ṣe pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Kọ ohun ìní rẹ àti gbèsè rẹ, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ rẹ tí kò tíì pé ọdún 18, fún Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ọba, ní gbogbo ọdún mẹ́rin, kí o sì tún un kọ bí o bá dé ipò tuntun. Má rò pé ilẹ̀ tí bàbá rẹ fún ọ kò kàn wọ́n. Ẹ̀bùn ìbátan àti ọ̀rẹ́, ní ìwọ̀n tí àṣà gbà, òfin kò kọ̀ ọ́. Ẹ̀bùn ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, òfin á kọ́kọ́ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ná títí o fi lè fìdí òmíràn múlẹ̀. Aṣọ òkè tí wọ́n kó wá sílé yìí lórúkọ rẹ, tí ẹni tó gbé e wá kò dárúkọ ara rẹ̀ dáadáa, ó wà nínú yàrá mi, mi ò tú u. Wá sọ ẹni tó ni ín fún mi kí a dá a padà fún un. Ohun tó tún jẹ́ kí àyà mi já nìyẹn, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́.

O rí i pé gbogbo ọ̀nà ló ń gbé mi padà sórí fáìlì yẹn. Bó bá ń pẹ́ sí i, ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí á gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹlẹ́rìí á kó kúrò ládùúgbò, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tó wà ní yàrá ẹ̀rí ní àgọ́ ọlọ́pàá á jẹrà, nọ́ńbà ara rẹ̀ á sì pa rẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga, adájọ́ á sún un, á sún un, á sì ju ẹjọ́ nù nítorí àìsí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ṣe é á lọ. Àwọn tí kò ṣe é á ti lo ọdún tiwọn. Ẹbí ẹni tó kú kò ní rí nǹkan kan gbà. Kò sì sí ẹnì kan tó máa lè sọ ọjọ́ tí ẹjọ́ náà kú gan-an.

Mi ò fẹ́ mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú fáìlì, àṣírí iṣẹ́ ni, má sọ ọ́ fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè: ṣé èrò rẹ lórí àwọn mẹ́ta yẹn ti kúrò lórí tábìlì rẹ tàbí kò tíì kúrò? Tí o ò bá fẹ́ pè, kọ "ó ti kúrò" tàbí "kò tíì kúrò" sórí WhatsApp. Bí kò bá tíì kúrò, má wá sílé ní Sátidé. Màá ṣàlàyé fún bàbá rẹ. Lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà tí ariwo kò sí, kí o ka fáìlì náà láti fọ́líò kìíní, kí o kọ mínìítì rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.